Ààlè Tí Mo So Mọ́ Igi Irú

Òórùn èédú ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí abúlé wa lọ́dún yẹn, kì í ṣe ènìyàn. Mo ti fi títì ọlọ́dà sílẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá, mo ti kó sọ́nà erùpẹ̀, ọ̀kadà mi ń fò lórí òkúta bí òbúkọ, eruku ti di mí nímú pátápátá, síbẹ̀ òórùn yẹn wọlé. Kì í ṣe èéfín ìdáná o. Èéfín ìdáná a máa gbé ìròyìn ọbẹ̀ dání. Èyí wúwo, ó ń rùn bí igi tí wọ́n sin láàyè. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi ewé tútù bò ó, wọ́n á wọ́ yẹ̀pẹ̀ lé e lórí bíi sàréè, wọ́n á ki iná bọ̀ ọ́ nídìí, á wá máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ títí á fi di èédú. Gbogbo ibi tí mo ti ń lé òkété nígbà tí mo wà ní kékeré, sàréè igi ló kún ibẹ̀.

Ọ̀dá ló dá lọ́dún náà, ìwọ náà ò lè gbàgbé. Òjò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀. Ní ìgboro, àwọn aláró Ìtòkú ń pariwo mọ́ ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi; l'Òkè-Ilẹ̀wọ́ níbi tí mo ti ń gun ọ̀kadà, oòrùn ń yan wá bí àgbàdo. Ní abúlé, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ẹ̀gẹ́ ká kò bí etí ajá tí wọ́n nà. Àgbàdo yọrí, ó wo ojú ọ̀run, ó sì kú. Odò kékeré tí a ti ń pọnmi di ọ̀nà tí màlúù ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé ìyá bàbá mi, níbi tí ilẹ̀ parí sí tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀, igi irú kan dúró síbẹ̀, ó so jìngbìnnì bí ẹni pé kò gbọ́ pé ọ̀dá dá.

Jẹ́ kí n sọ ti igi náà fún ẹ, torí pé ìwọ tó o dàgbà ní Aké, inú ọbẹ̀ nìkan lo ti mọ irú. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Igi irú kì í wá igbó dúdú tí omi ń kán tó tó tó. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, ibi tí koríko ti ń gbẹ tí àwọn ọdẹ sì ń dáná sun ún lọ́dọọdún. Iná á gba ara rẹ̀ kọjá, èèpo rẹ̀ á dúdú, á sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, kò ní kú. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wá ibi tí àpáta ti là, ó ti gba ibẹ̀ lọ bá omi tí ènìyàn ò mọ̀ pé ó wà. Mo mọ̀ nípa gbòǹgbò o! Mo dé sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì mọ bàólójì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó parí rẹ̀ lọ, kó tó di pé ojú èmi àti tíṣà bàólójì ò lè rí ara wọn mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí àwọn igi yòókù ń wọ́ ewé dànù, ìgbà yẹn ni tiẹ̀ ń yọ òdòdó pupa roboto, á so wọ́n rọ̀ bíi gílóòbù. Lẹ́yìn náà ni èso á jáde, gígùn, ní ìdì ìdì, bí ìka tó ń nà sílẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹ́lò kan wà nínú wọn tó dùn mọ́ni lẹ́nu bíi ṣúgà. Kò sí ọmọ abúlé wa tí kò fi í kun ẹnu àti imú rí. Inú ìyẹ̀fun yẹn ni hóró dúdú tí wọ́n ń sè di irú wà.

Ìyá àgbà mi ló ń ká a. Olórìṣà ni ìyá náà, Òrìṣà Oko ló ń sìn, kò sì sí àárọ̀ tí kì í kí igi yẹn kó tó kí èmi. Irú rẹ̀ ni àwọn kan ń retí n'Ítòkú. Lọ́dún tí ẹ̀gẹ́ kú lórí ilẹ̀ yìí, irú nìkan ló kù tó máa fi ra gààrí tí yóò jẹ títí òjò á fi padà. Kò sí nǹkan mìíràn. Mo bá a tó jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá àgbà mi kì í jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"O ti dé, Àjàní. Wọ́n ń bọ̀ wá gé igi."

"Igi wo?"

Ó fi ẹnu tọ́ka sẹ́yìn ilé. "Bàbá rẹ Èkó wá níjẹta. Ó ní àwọn tó ń jó èédú ti ra gbogbo igi tòkè, ìyẹn ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ká tọdún yìí ná. Ó ní irú wà lọ́jà."

Irú wà lọ́jà! Fún ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń gbé irú lọ sọ́jà.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ìyá tó bí wọn yàtọ̀. Ọbàkan ni wọ́n, ìjà àwọn ìyá wọn ni wọ́n sì fi ṣe ogún. Bàbá mi ti kú. Òun ń gbé ní Mowé, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, kí àkùkọ tó kọ ló ti ń kúrò nílé, gbogbo abúlé sì ń pè é ní Dádì Èkó. Ìkórìíra tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Níbi ìsìnkú bàbá mi, mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó já a gbà lẹ́nu mi lójú gbogbo ènìyàn: "Ẹni tí kò parí ìwé, kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ níbi tí mo bá wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn nígbà mìíràn tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi. Èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ o, ìwé kọ́ ló fi mí sílẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, mo fi í sílẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ tẹ́lọ̀, ọ̀gá náà ò mọ̀ tó mi. Kí ló kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀?

Ìyá àgbà ní òun ò lè jókòó máa wo bí wọ́n ṣe ń pa igi náà. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀, ó di ẹrù díẹ̀, ó lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní abúlé kejì. Kó tó rìn jìnnà, mo ti dé orí ààtàn. Mo ṣa ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, mo mú òòyà tó ti ká léyín, mo mú ìkaraun ìgbín àti ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní èkejì, mo wá fa àkísà pupa kan ya lára aṣọ mi àtijọ́. Mo gé rọ́bà tíúbù táyà ọ̀kadà mi, mo fi dì wọ́n pọ̀, mo so wọ́n mọ́ igi irú náà níbi tí ojú kankan ò ti lè fò ó. Ààlè nìyẹn. Ìwọ lè pè é ní pàǹtí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ oko tí kò mọ̀ ọ́n kà: nǹkan yìí ní olóhun, bó o bá fọwọ́ kàn án, kí ayé rẹ dà bí ṣùkù yìí, kí eyín rẹ dà bíi ti òòyà yìí, kí o máa fi ẹsẹ̀ bàtà kan rìn kiri ayé. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ gáréèjì wa. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kí wọ́n wá!"

Wọ́n sì wá. Mọ́tò akẹ́rù kékeré kan ló gbé wọn wọlé láàárọ̀ Sátidé, Dádì Èkó jókòó síwájú, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti fìlà onígùn bí ẹni tó ń lọ ṣeré bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá àwọn agégi jẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan tí ìyẹ̀fun igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, ó kọjú sí igi, ó rìn dé ìdí rẹ̀, ó dúró. Ó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ààlè náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Alàgbà," ó ní, "ta ló so ó?"

"Pàǹtí ni. Já a dànù."

"Mo mọ̀ pé pàǹtí ni, sà. Ta ló so pàǹtí náà?"

"Èmi ni!" Mo yọ láti ẹ̀yìn ilé. Àtàárọ̀ ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. "Èmi tí mi ò parí ìwé ni mo so ó. Ẹ bá mi kà á kí n gbọ́."

Ojú Dádì Èkó pọ́n. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ dá ṣáṣá? Ìgbà wo lo di onígi?"

"Ọjọ́ tí ẹ di elédùú ni, sà."

Àwọn ọmọṣẹ́ agégi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Dádì Èkó yíjú sí ọ̀gá wọn. "Díákónì ni mí. Mi ò gba ìranù báyìí gbọ́. Já nǹkan yẹn, kó o ṣiṣẹ́ rẹ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbà á gbọ́, ẹ já a. Ẹ̀rọ mi á bá yín gé ìyókù. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń jẹun, ìyàwó mi sì lóyún."

Gbogbo ojú yí sí Dádì Èkó. Ó rìn lọ síwájú. Ó na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé: ó dé ibi tó kù díẹ̀ kó kan àkísà, ó wá yà, ó lọ tún fìlà orí rẹ̀ ṣe. Ẹyẹ kan wà lókè tó ń sọ èèpo irú lé wa lórí.

"Kò burú," Dádì Èkó sọ fún àwọn agégi. "Ẹ lọ bá àwọn elédùú lókè lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan yìí bá ti kúrò, ẹ wọlé." Ó wá sún mọ́ mi títí mo fi ń gbóòórùn lọ́fínńdà rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ náà lo máa fi tú u. Mo mọ̀ ẹ́. O ò parí nǹkan kan rí."

Mo jó. Mi ò purọ́ fún ẹ, nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, mo jó yí igi náà ká. Nírọ̀lẹ́ ni ìyá àgbà padà dé. Ó rọra ń yọjú láti ìgun ilé, bí ẹni tó ń bọ̀ wá wo òkú. Ó rí ewé lókè, ojú rẹ̀ là. Ó sọ ojú sílẹ̀, ó rí ààlè, ojú náà pa dé bí ilẹ̀kùn.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni, Ìyá! Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ rí Dádì Èkó! Ó na ọwọ́ sí i, ó wá..."

"O bi mí?"

"Ẹ ò sí nílé."

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Àjàní, o ti pa mí. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ gba igi lọ́wọ́ mi, ìwọ ti fi àkísà gbà á."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, kò yé mi. Ààlè kì í mọ ìyá àgbà yàtọ̀ sí olè. Ohun kan ló ń sọ: ẹni tó so mí ló ni ín, kí ẹlòmíràn ká ọwọ́ kò. Ìyá àgbà kọ́ ló so ó. Nínú ilé tiwa, ìyàwó kì í so ààlè mọ́ igi ìdílé ọkọ, kì í sì í tú èyí tí ọmọ ilé bá so. Ọmọ ilé ni mí. Ìyàwó ilé ni òun, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa ká a, mo yọ̀ǹda." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àgùtàn. "Ààlè kì í gbọ́ yọ̀ǹda. Tú u, tàbí kó o ká a."

Bí mo bá tú u, ẹ̀rọ wà lókè tó ń ké, a ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó ń ké bí eṣinṣin tó wọni létí. Bí mi ò bá tú u, irú ń gbó, ó ń já bọ́. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Ìyá àgbà á gbé àpótí rẹ̀ síta, á jókòó, á máa wò ó bó ṣe ń já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn o, ló ń já bọ́ síwájú rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbé abọ́ mi kalẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ ajá aládùúgbò. Inú èmi náà ń ru sí i. Mo gba igi rẹ̀ là, kò ní lè sọ pé mo kú iṣẹ́? Mo ti ń gbèrò láti gun ọ̀kadà mi padà sígboro kí n fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún ara wọn.

Kí n tó lọ ni Dádì Èkó tún padà wá, ó mú olórí ẹbí wa dání, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n gbé àga fún bàbá náà lábẹ́ igi. Ó ní kí n ka ohun tó wà nínú ààlè fún òun. Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí rọ́bà tíúbù, ó mi orí.

"Ó fi nǹkan ara rẹ̀ dì í. Ó dáa. Àmọ́ gbọ́, ọmọ. Ààlè kì í dá ṣọ́ igi. Ẹni tó so ó là ń bẹ̀rù, kì í ṣe àkísà. Bó o bá gun nǹkan rẹ lọ sígboro, ó ti di pàǹtí nìyẹn, kí wọ́n jù ú nù. Bó o bá dúró, tó o fi ọwọ́ ara rẹ ká a, tó o fi ọwọ́ ara rẹ sè é, igi wà níbi tó wà."

"Sè é kẹ̀, Bàbá? Èmi? Iṣẹ́ obìnrin?"

Dádì Èkó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ibi ìsìnkú yẹn gan-an ni. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Ọdún tó bá so ààlè, tó ká irú, tó sè é dópin, mi ò ní fọwọ́ kan igi. Ọdún tí kò bá ṣe é, ọdún náà ni ẹ̀rọ máa wọlé. Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́. Ọmọ yìí ò ní pé ọ̀sẹ̀ kan níbí."

"Mo gbọ́," ni olórí ẹbí wí.

"Èmi náà gbọ́," mo sọ. Kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ ni mo ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi rí.

Ọ̀rẹ́ mi, bó o bá ń jẹ irú, máa kí àwọn ìyá tó ń sè é. Mo gun igi yẹn pẹ̀lú gọ̀, ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí, tanpẹ́pẹ́ gé mi jẹ débi tí mi ò lè dárúkọ fún ẹ. Mo pa èèpo, mo gbo ìyẹ̀fun yẹ́lò kúrò, irun mi, ìpéǹpéjú mi, gbogbo rẹ̀ yẹ́lò. Omi ò sí lábúlé, ọ̀kadà ni mo fi ń lọ pọn ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì níwájú. Igi ìdáná? Mo lọ ṣa ìṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn agégi. Ọ̀gá onírùngbọ̀n yẹn ló ń bá mi tò ó sórí ọ̀kadà. "Onígi," ó máa ń pè mí, "ṣé o ò tíì sá?" Ìṣẹ́kù igi tí wọ́n rí gé ni mo fi se èso igi tí wọn ò rí gé. Láti àárọ̀ dé àárọ̀ ló fi ń hó lórí iná, kí èèpo dúdú tó rọ̀. Lẹ́yìn náà, wàá fi eérú sí i, wàá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ẹrẹ̀, wàá fọ̀ ọ́ nínú apẹ̀rẹ̀, wàá tún sè é, wàá wá fi ewé bò ó mọ́ ibi tó gbóná títí yóò fi máa rùn bó ṣe yẹ.

Ìyá àgbà ò fi ìka kan kàn án. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí tòsí iná, ó káwọ́ gbera, ó ń bú mi.

"Ṣé ojú lo fi ń sè é ni? Bu omi sí i!"

"Mo ti bu omi, Ìyá."

"Omi ojú ológbò! Bù ú dáadáa. Ta ló kọ́ ẹ ní iná dídá gan-an, ọlọ́pàá?"

Èyí tí mo kọ́kọ́ sè bàjẹ́. Mo ṣí ewé lójú rẹ̀, ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó ní ajá olójú kan ò ní jẹ ẹ́. Mo fi ìbínú ta ìkòkò nípàá, ẹsẹ̀ mi wú. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Mo ti ta á, ẹ́ńjìnnì ti ń ké, mo wá gbọ́ ẹ̀rọ agégi lókè tó dákẹ́ lójijì, bí ẹni pé òun náà ń tẹ́tí láti mọ̀ bóyá mo ń lọ. Mo pa á. Mo padà lọ gbé gọ̀. Mi ò tíì bá igi kankan jà rí bí mo ṣe bá igi yẹn jà ní ọjọ́ yẹn. Mo ń ká a, mo ń ṣépè fún un, mo ń ṣépè fún Dádì Èkó, mo ń ṣépè fún òjò. Igi náà ò dá mi lóhùn. Ó kàn ń sọ èso rẹ̀ lé mi lórí.

Èyí tí mo sè tẹ̀lé e dára. Mo fi hóró kan sí ìyá àgbà lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó wo òkè. "Kò burú," ó ní. Láti ọjọ́ tí mo ti so ààlè, ọ̀rọ̀ rere àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde sí mi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún ọ̀gá kankan rí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà fún un. "Ìyá, mo fi ta yín lọ́rẹ." Ó gbà á. Ohun tí a bá fi ta èèyàn lọ́rẹ, ààlè kò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti ṣófo láti ìgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n irú sínú ewé kíákíá, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Mo fi ọ̀kadà gbé e lọ sí Ìtòkú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí gáréèjì l'Òkè-Ilẹ̀wọ́, àwọn ọmọ wa ti dúró dè mí. "Bàbá onírú! Ẹ gbóòórùn ẹ! Ṣé pẹ̀tẹ̀ lo ní àbí wooro?" Èrò kan gun ẹ̀yìn mi, ó sọ̀kalẹ̀ kí n tó ta ẹ́ńjìnnì. Mo bá ọ̀kan nínú wọn jà débi tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi wá là wá. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì mo tún wà lókè igi. Owó irú náà ra gààrí tó tó ìyá àgbà jẹ dé òjò. Nígbà tí òjò náà dé lóòótọ́, ó dé bí ìjà, ó wó òkìtì àwọn elédùú, ó pa iná inú wọn, àwọn agégi kó ẹ̀rọ wọn lọ síbòmíràn. Gbogbo òkè yẹn dúró ní ìhòòhò, igi irú kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rùn tí mi ò lọ. Dádì Èkó á pè mí lórí fóònù nígbà ọyẹ́, kò ní kí mi, á ní, "Ṣé o ti so ó?" Èmi náà ò ní kí i, màá ní, "Mo ti so ó," màá sì gé fóònù. Ìkórìíra wa ò dín rárá. Ìyá àgbà ṣì ń bú mi nídìí iná. Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí n lọ bá a parí ìjà. Parí kẹ̀? Ìjà yẹn gan-an ló ń jí mi lọ sábúlé. Ẹlòmíràn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Èmi, ẹ̀gàn ọkùnrin yẹn ni mo fi ń dàgbà, bí igi yẹn ṣe ń fi ẹ̀rùn so. Bó bá jẹ́ pé ó rọra bẹ̀ mí ni, tó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa tọ́jú igi yìí," màá ti gbàgbé rẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó dá.

Ní ẹ̀rùn tó kọjá, ó wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Mo wà lókè igi pẹ̀lú gọ̀ mi, kò mọ̀ pé mò ń wo òun. Ó dúró níwájú ààlè fún ìgbà díẹ̀. Ṣùkù tuntun, àkísà tuntun, rọ́bà tíúbù mi kan náà. Èso irú kan já bọ́, ó balẹ̀ síwájú bàtà rẹ̀ gan-an. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, abúlé dá wáí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, gíga, bí ẹni tó ń fo ọmọ tó sùn, ó ré èso náà kọjá láìjẹ́ kí bàtà rẹ̀ kàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ sídìí mọ́tò. Mi ò pè é. Èmi tí mi ò lè pa ẹnu mi mọ́ rí, mi ò pè é. Mo kàn na gọ̀ mi sí ẹ̀ka tó kàn, mo ń ká iṣẹ́ mi lọ, torí ó ku díẹ̀ kí n parí.